Ọ̀dà Ló Dí Wa Létí

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo tún ti dé o. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ewì ìfẹ́ ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ wáyà ni, ọ̀rọ̀ bóòtù àti ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ má tíì ṣí ojú ewé kejì o, ẹ gbọ́ mi tán ná.

Lọ́dún 2003 tí wọ́n sọ mí lórúkọ ní Ìsọlọ̀, bàbá mi gba ohùn ìyá wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbà ṣàdúrà, wọ́n sì fún mi ní oríkì. Nígbà tí mo ń dàgbà, "Àyìn" lásán ni wọ́n máa ń pè mí. Wọ́n ti lọ kí n tó gbọ́n tó ẹni tí yóò béèrè ìyókù. Màmá mi ní ó jọ pé Àyìnlá ni. Bàbá mi ní àwọn ò rántí mọ́, pé kí n lọ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì.

Níbo la ti fẹ́ rí ohun tó ń lu kásẹ́ẹ̀tì láyé ìsinsìnyí? Inú ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi nìkan ni, tòkunbọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ń ná Òṣòdì sí Ìsọlọ̀. Bọ̀ọ̀dá ra ampilifáyà àlòkù, wọ́n fẹ́ kí fújì máa dún bo igbe àwọn kọ̀ndọ́ lábẹ́ afárá Òṣòdì. Àwa méjèèjì la dè é sínú búùtù fúnra wa. Ṣebí ojú lásán la fi ń wo rewáyà tó ń ṣe é! Gbogbo sípíkà ọkọ̀ la so mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ariwo kan ń hu "wíììì" mọ́ ohùn Ìyá àgbà. Tí Bọ̀ọ̀dá bá tẹná mọ́tò, ariwo á lọ sókè. Tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀, á wálẹ̀. Tí a bá pa ẹ́ńjìnnì, ariwo á lọ, ṣùgbọ́n bátìrì wa ti gbó, ẹ̀rọ náà á kú kí àdúrà tó dé ìdajì. Mo gbọ́ "Àyìn", mi ò gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wa lórí oríkì sì ti dé ọrùn. Mo kọ Àyìnlá, mo fi sílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá ní gbàrọgùdù ni wọ́n tà fáwọn, wọ́n ti ń ká apá aṣọ sókè láti lọ bá ẹni tó tà á jà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rewáyà kan nítòsí ọjà Aswani.

Bàbá rewáyà ò tilẹ̀ fọwọ́ kan ampilifáyà. Wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá tẹná lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, níbo lẹ so ẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mọ́?"

Ẹ́ẹ̀tì ni wáyà dúdú tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀. Bóòtù kan lábẹ́ àga iwájú la so tiwa mọ́, lórí ọ̀dà tó ń dán gbinrin. Wáyà náà tínrín, ó sì gùn ju mítà kan lọ.

"Iná tó bá ti bátìrì jáde gbọ́dọ̀ padà sí bátìrì," Bàbá ní. "Wáyà pupa ló ń gbé e lọ, irin ara ọkọ̀ ló ń gbé e bọ̀. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ló bá gba ojú fèrèsé, ìyẹn wáyà ohùn tó ti ara rédíò wá. Ibẹ̀ ni ariwo alternator tó ń rọ iná sí bátìrì ti bá a wọlé."

Wọ́n kọ́kọ́ tú orí nẹ́gétíìfù kúrò lára bátìrì. Wọ́n wá ibi tí irin ti nípọn nínú búùtù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kí ìhò má baà kan tánkì epo. Wọ́n fi sáńpépà ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin fi ń kọ mọ̀nà. Wáyà ẹ́ẹ̀tì tuntun nípọn bíi ti pupa gẹ́lẹ́, kò sì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Wọ́n fi bóòtù àti wásà eléyín dì í pinpin, wọ́n fi gíríìsì kùn ún kó má baà dógùn-ún. Lórí mítà, ti tẹ́lẹ̀ ń fò sókè sódò; tuntun ò tó ìdajì ohm kan.

A tan ọkọ̀. Bọ̀ọ̀dá tẹná. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ariwo lẹ́nu. Mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Ìyá àgbà wúkọ́. A ò gbọ́ ikọ́ yẹn rí. Wọ́n wá ní: "Àyìndé. A yìn ọ́, o dé. Máa rọra."

Bọ̀ọ̀dá tó fẹ́ fi orin bo gbogbo Òṣòdì ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ mi. Mo mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídán kun nǹkan, iṣẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n níbi tí mi ò ti gbọ́ ohùn ìyá bàbá mi, ọ̀dà ni mo kùn síbẹ̀, mo sì gba máàkì lórí ẹ̀. Mo ti padà lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́.

Ó ku ẹ̀yin. Ẹni tí ìwé wa ti tẹ́lẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ewì mi kan wà níbẹ̀ tí mo kọ Àyìnlá sábẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bírò fa igi lé "lá", kẹ́ ẹ kọ "dé" síbẹ̀.