Koríko Ẹ̀gbọ́n Mi ní Opebi

Ẹni tó bá mọ Opebi ní Ìkẹjà lè máa rò pé kí ló kan ibẹ̀ kan ọ̀rọ̀ koríko. Láti oríta Allen títí dé apá Maryland, báńkì, ṣọ́ọ̀bù, hòtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì ló gba ojú títì. Láti ìgbà tí Ìkẹjà ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1976 ni ilé ti ń fún ilé mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yà sí àwọn àdúgbò inú, ẹ ó ṣì rí ilé díẹ̀ tí koríko tẹ́ sí iwájú wọn bí ẹní.

Ọ̀kan nínú wọn ni ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọkọ rẹ̀, tó ti sùn nínú Olúwa, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin koríko náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti kọ́ ìrìn.

Ní oṣù Kìíní ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, mo lọ kí i. Nígbà tí wọ́n ṣí géètì, àánú ṣe mí. Koríko tí mo mọ̀ ní tútù yọ̀yọ̀ ti gbẹ, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó káwọ́ lẹ́rán. Ó ní, “Àbúrò mi, koríko bàbá àwọn ọmọ ti kú. Àwọn ọmọ ti pe àwọn oní-íńtálọ́kì. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀.”

Mo bèèrè ohun tó ti ṣe sí i. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń wọ́n omi sí i ní ọ̀sán. Omi bóhólì ti lọ sílẹ̀, nítorí náà ó ń ra kún un lọ́wọ́ àwọn mẹ́rúwà tí ń ti ọmọlanke. Èyí tó dùn ún jù ni pé bí òun ti ń da omi sílẹ̀, àwọn aládùúgbò ń to kẹ́ẹ̀gì sí ẹnu géètì, wọ́n ń wá omi tí wọn yóò mu. Ojú ń tì í.

A jọ ṣe ìṣirò. Bí koríko bá fẹ́ wà ní tútù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó tó kí ó mu omi tó jìn tó ínṣì kan lọ́sẹ̀. Ní àgbàlá tó jẹ́ mítà 10 ní gígùn àti mítà 10 ní fífẹ̀, ìyẹn tó kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 lọ́nà 100! Ẹ̀gbọ́n mi lanu, kò lè pa á dé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀, mo di koríko kan mú ní ojú oòrùn, mo fà á. Kò tu. Mo ya ìdí rẹ̀, inú rẹ̀ tutù, ó sì funfun. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Kò kú o, ó sùn ni.” Bàhámà ni koríko ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ewé rẹ̀ a pọ́n, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ a máa retí òjò. Lábẹ́ igi máńgòrò ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì ló wà níbẹ̀, èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀. Ó fẹ́ràn ibòji, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, kò sì lè fara da òùngbẹ púpọ̀.

Ọmọ wa kan wà ní Saskatchewan ní Kánádà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lọ rẹrẹ. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, òjò ọdún kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà 400 lọ, nígbà tí ti Èkó ju 1,500 lọ. Ó sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ máa ń jẹ́ kí koríko wọn pọ́n nígbà ooru, ọkàn wọn kì í sì í dàrú. Bí àwọn bá lè ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí àwa náà ní.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí, ó sì lè wúlò fún ẹ̀yin náà:

Ẹ má bomi rin koríko ní ọ̀sán, oòrùn ni yóò mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdájí ló dára. Ẹ má sì wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ó rin ilẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Fún èyí tó ń sùn, ìdajì ínṣì lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Agolo wàrà tí ẹ gbé sí àárín koríko yóò fi ìwọ̀n hàn yín. Omi tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì wúlò, ṣùgbọ́n kí ó má ní bílíìṣì nínú.

Ẹ má gé e mọ́lẹ̀. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ gé sílẹ̀ kí ó bo ilẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà di ìgbà òjò.

Ní alẹ́, ẹ̀gbọ́n mi pe àwọn ọmọ jọ. Àkọ́bí rẹ̀ ní, “Màámi, ọkọ̀ ń kó ẹrẹ̀ wọlé lásìkò òjò.” Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo rán wọn létí òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, tó ya wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó, tó sì gba ẹ̀mí. Símẹ́ǹtì kì í mu omi. Àgbàrá tó bá sá kúrò lórí rẹ̀ ń lọ sínú gọ́tà àti Odò Ìyá Aláró tó wà láàárín Opebi àti Mende. Bí ìyẹn bá kún, ilé ẹni ni omi ń padà sí. Wọ́n gbà láti fi íńtálọ́kì sí ibi tí táyà ọkọ̀ ń gbà nìkan.

Láti ọjọ́ kejì, omi tó ń ṣòfò lórí koríko di ti àwọn aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣí géètì fún wọn láàárọ̀.

Ní ìparí oṣù Kẹrin, lẹ́yìn òjò mélòó kan, mo padà lọ. Abẹ́ máńgòrò ti pá láwọn ibì kan, wọ́n sì ń múra láti tún un gbìn. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú oòrùn ti rúwé. Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì pé ọdún kan, ń rá lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọjọ́ Ajé yẹn, díẹ̀ ló kù kí n sin ohun tó wà láàyè.”

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó da símẹ́ǹtì, ẹ kọ́kọ́ wo gbòǹgbò.