Ní Abidjan, "Yako" Nìkan Kò Tó fún Ẹranko Igbó

Ọkọ̀ tó ń ti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ sí Abidjan, ní Côte d'Ivoire, máa ń gba ilẹ̀ Benin, Togo àti Ghana kọjá. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń rin ọ̀nà yìí lọ ṣòwò, débi pé kì í ṣe ohun ìyanu láti gbọ́ èdè Faransé láàárín ìlú wọn. Anago ni àwọn ará Abidjan ń pe Yorùbá. Ẹni tó bá sì dé Treichville tàbí Adjamé kò ní pẹ́ rí ẹni tí yóò kí i pé "ẹ kú ìrìn."

Ìwà ọmọlúàbí ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní ọ̀pọ̀ ilé, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún àlejò. Ìgbà tó bá mu ún tán ni onílé yóò tó béèrè ìròyìn, ìyẹn ohun tó gbé e wá. Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀, bí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, tàbí bí ọjà rẹ̀ kò bá tà, "Yako" ni wọ́n máa ń sọ fún un. Bíi pẹ̀lẹ́ ni. Ẹni tó sọ ọ́ kò jẹ̀bi ohunkóhun, ó kàn ń bá ẹnìkejì kẹ́dùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ ẹlòmíràn kò lè fi "yako" bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Pardon" ni yóò sọ, bí ọ̀rọ̀ bá sì le, yóò wá àgbà tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀.

Àwọn tó ní ẹbí ní London mọ̀ pé ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. "Sorry" kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ bí wọ́n bá fẹ́ kọjá lára èèyàn nínú bọ́ọ̀sì, kódà ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ gan-an lè kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ lè má tètè mọ ìgbà tí wọ́n ń kẹ́dùn àti ìgbà tí wọ́n ń tọrọ àforíjì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ẹranko igbó Côte d'Ivoire.

Erin ni ká kọ́kọ́ mú. Orúkọ orílẹ̀-èdè náà túmọ̀ sí Etíkun Eyín Erin. Orí erin wà lára àmì ìjọba rẹ̀, Erin náà sì ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó na Nàìjíríà ní àmì ayò 2 sí 1 ní oṣù kejì ọdún 2024, tí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Ebimpé, lẹ́bàá Abidjan. Ti inú igbó ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020 yẹ igbó 25 tí ìjọba ń dáàbò bò wò, 4 péré ni wọ́n ti rí àmì pé erin ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Abidjan kò rí fìrí yẹn pàápàá, àfi lára aṣọ bọ́ọ̀lù. Oko kòkó tó jẹ igbó run àti àwọn tó ń wá eyín rẹ̀ ló fà á. Ìjọba ti fòfin de ọdẹ ṣíṣe láti ọdún 1974, síbẹ̀ ìbọn kò dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìnàkí tún ba ni nínú jẹ́. Ìwádìí ọdún 2008 fi hàn pé láàárín ogún ọdún, nínú ìnàkí mẹ́wàá tó wà ní orílẹ̀-èdè náà, mẹ́sàn-án ti lọ. Díẹ̀ ṣì wà ní Banco, igbó kìjikìji tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 3,400, tí wọ́n sọ di igbó ìjọba ní ọdún 1953. Yopougon, Abobo, Adjamé àti Attécoubé ti yí i ká báyìí, ariwo ọkọ̀ sì ń dé etí igbó.

Lápá ìwọ̀ oòrùn Abidjan, nítòsí Grand-Lahou, ni ìtàn Ponso ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1983, wọ́n kó ìnàkí 20 tí New York Blood Center ti fi ṣe ìwádìí lọ sí erékùṣù kan níbẹ̀. Àìsàn àti ebi pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Ponso nìkan. Ará abúlé kan ló ń gbé búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ fún un. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ tàn ká ayé ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn káàánú rẹ̀. Yako nìyẹn. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló jẹ gbèsè.

Ọgbà ẹranko Abidjan náà ti rí ìyà. Nígbà ìjà tó tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2010, ebi pa àwọn ẹranko, kìnnìún sì kú nínú wọn. Àmọ́ ibẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń sin ọ̀nì ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́, irú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè padà sínú odò. Èyí ti sún mọ́ "pardon": ẹni tó bàjẹ́ ń gbìyànjú láti tún un ṣe.

Ti àwọn ìdílé tó ń rin ọ̀nà yìí kò le. Akíka, ẹran tí ìpẹ́ bo ara rẹ̀ bíi ẹja, wà lára àwọn tí òfin àgbáyé ti ka títà wọn léèwọ̀ láti òkèèrè sí òkèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Síbẹ̀, ní ọdún 2017, wọ́n gba ìpẹ́ rẹ̀ tó tó tọ́ọ̀nù 3 lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ní Abidjan. Ẹrù ọjà ló máa ń bo irú nǹkan báyìí mọ́lẹ̀ ní ibodè. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ bá gbé àpò tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó tú u wò kó tó gbà á. Ẹni tí wọ́n bá sì fi ẹ̀gbà ọwọ́ eyín erin lọ̀ lọ́jà Treichville, kó dúpẹ́, kó má rà á. Bí ọmọdé bá béèrè ìdí, kí òbí rẹ̀ mú un lọ sí ọgbà ẹranko, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀nì ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.