Oògùn Akunnilóorun àti Ẹkún Abiyamọ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò wá wẹ ọmọ, tí yóò gbé omi kaná, tí yóò sì máa wo ojú ìyá ìkókó. Ní Àbújá, ọ̀rọ̀ kì í sáàbà rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ ti jáde kúrò ní Kubwa tàbí Lugbe kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá àgbà wà ní Òṣogbo. Abiyamọ a jókòó ti ọmọ, omi a máa dà lójú rẹ̀, oúnjẹ kò wù ú í jẹ, kò sì rí oorun sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn. Bí ó bá fẹnu kàn án, wọn a ní kí ó dúpẹ́, ẹlòmíràn ń wá irú rẹ̀.

Yorùbá mọ abísínwín, obìnrin tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yìí kì í ṣe wèrè. Kì í pariwo. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń pẹ́ lára.

Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni àwọn oníṣègùn ti wá ń wá ìrànlọ́wọ́ fún un. Ketamine, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1962, ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà fi ń kun aláìsàn lóorun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ oògùn kòṣeémánìí láti ọdún 1985. Ìbátan rẹ̀, esketamine, ni wọ́n dán wò ní Ṣáínà lára abiyamọ 364 tí ọkàn wọn ti ń rẹ̀wẹ̀sì láti ìgbà oyún. Apá kan gba ìwọ̀n kékeré tí kò tó kunni lóorun, gba ojú iṣan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn ìbímọ. Apá kejì gba omi oníyọ̀ lásán. Èsì jáde ní ọdún 2024: ní ọjọ́ kejìlélógójì, ìrẹ̀wẹ̀sì gidi wà lára 12 nínú 180 tí ó gba oògùn, àti 46 nínú 181 tí kò gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ rà á o. Òòyì a máa kọ́ ẹni tí ó gbà á, ojú rẹ̀ a sì máa rí ohun kan ní méjì. Ó tún lè di bárakú fún ẹni tí ó bá sọ ọ́ di àṣà. Ọwọ́ dókítà nìkan ni ó yẹ ẹ́.

Ọjọ́ kejìlélógójì yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà géérégé ni. Ọ̀sẹ̀ kẹfà náà ni àwọn abiyamọ Gwagwalada àti Nyanya ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì a wọn ọmọ, a gún un lábẹ́rẹ́, a kọ ọ́ sínú káàdì. Láti bi ìyá bí ó ṣe ń sùn kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.