Nígbà Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Dé Ìjú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ owó ilé ni, àti ohun kan tí àwa tọkọtaya ṣe, tí ó ń dùn wá títí di òní.

Ìjú, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni a ń gbé. Ọdún 14 ni a fi kọ́ ilé wa, díẹ̀ díẹ̀, bí owó bá ṣe ń wọlé. A ń gbé apá kan, a sì gba ayálégbé méjì sí apá kejì. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó débẹ̀, àwọn ènìyàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú oko ni a lọ kọ́lé sí. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Òyìngbò ní láti jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ má baà ká a mọ́ ọ̀nà. Ọ̀nà jíjìn yìí gan-an ni kò jẹ́ kí owó ilé wọ́n ní àdúgbò wa.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Èkó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní 1983 ni Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ibùdókọ̀ sí Ìjú, ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbà pé yóò ṣeé ṣe. Àwọn alágbàtà ilé ni ó gbà á gbọ́. Kí ọkọ̀ kankan tó rìn ni wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn wa. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n ṣí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Red Line, láti Agbádó dé Òyìngbò, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ 8. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ń gbé ní Abbey Wood ní ìlú London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ó sọ fún wa lórí fóònù pé bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn náà nìyẹn. Wọ́n ní Elizabeth line yóò ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2018, kò sì ṣí títí di ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2022. Ṣùgbọ́n iye owó ilé kò dúró de ọkọ̀, ó ti gòkè tipẹ́. Ohun tí àwọn ènìyàn ń retí ni wọ́n ń sanwó lé lórí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, alágbàtà kan wá jókòó sí pálọ̀ wa. Ó ní, “Dádì, ẹ̀ ń ta ọjà yín lọ́ọ̀pọ̀ o. Láti ibí dé ibùdókọ̀, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni!” ₦300,000 ni ayálégbé kọ̀ọ̀kan ń san lọ́dún. Ó ní kí a gba ₦600,000. A rò ó wò. Sìmẹ́ńtì ti wọ́n; láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. A sọ fún ara wa pé ẹ̀tọ́ wa ni. A kọ ìwé fún àwọn méjèèjì.

Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Ìbejì, tí ó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Òyìngbò. Ọdún mẹ́fà ni ó ti wà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìyá ilé wa wà ní ọsibítù, òun ni ó ń gbé oúnjẹ lọ. Kò bá wa jà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Dádì. Ẹ ṣé, Mọ́mì. Apá mi kò ká a ni.” Kí oṣù náà tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ifọ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìyá ilé wa pàdé rẹ̀ lọ́jà. Ó bi í bí ó ṣe ń rìn. Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni òun ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ifọ̀ wá sí Agbádó, kí òun tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, mo ń gba Ìjú kọjá lójoojúmọ́. Bí ọkọ̀ bá ti dúró níbẹ̀, mo máa ń wo apá ilé yín.”

Ẹ̀yin ará, oorun kò kùn wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ náà wà fún, àwa ni a sì lé e jìnnà sí i. A kò da òkúta kan sí ojú irin náà, a kò san kọ́bọ̀ kan láti kọ́ ibùdókọ̀, síbẹ̀ àwa ni a fẹ́ gba gbogbo èrè rẹ̀. A ì bá pè é padà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti san owó yàrá náà.

Ayálégbé kejì ṣì wà. A pè é, a fa ìwé náà ya lójú rẹ̀. A jọ ṣírò ohun tí a ná ní tòótọ́, páànù tí a pààrọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń fa omi, a sì fi ₦60,000 lé owó rẹ̀. A fún un ní oṣù mẹ́fà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 fún ayálégbé láǹfààní láti lọ sí kóòtù bí àfikún owó ilé bá ti kọjá ààlà, kí adájọ́ sì wo ohun tí àwọn mìíràn ń san ní àdúgbò náà. Kò yẹ kí ó di ti kóòtù láàárín wa.

Ẹ̀yin onílé, kí ẹ tó fi kún owó, ẹ ṣírò èyí tí ẹ ná àti èyí tí ó kàn bá yín nílé, kí ẹ sì mọ̀yàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin ayálégbé, bí ẹ bá ti rí i pé wọ́n ń kọ́ ibùdókọ̀ sí ìtòsí yín, ẹ tètè bá onílé sọ̀rọ̀, kí àdéhùn yín sì wà nínú ìwé.

Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí ìbùkún ilé wa di ẹkún ẹlòmíràn. Àmín.