Novotna sunkún lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò sá fún Wimbledon

Ká ní èèyàn ti fẹ́ẹ́ borí, kí nǹkan wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń wò ó. Ohun tójú Jana Novotna, ọmọ ilẹ̀ Czech tó ń gbá tẹníìsì, rí nìyẹn ní Wimbledon, nílùú London, lọ́jọ́ kẹta, oṣù keje, ọdún 1993.

Àṣekágbá ìdíje àwọn obìnrin ni. Ẹni tí wọ́n jọ kojú ara wọn kì í ṣe kékeré, Steffi Graf ọmọ Jámánì ni, ó sì ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Novotna náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kó tó dé àṣekágbá yẹn, ó ti na Gabriela Sabatini, ó sì ti na Martina Navratilova tó gba Wimbledon lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Graf gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, 7-6. Novotna gba ìkejì, 6-1. Nígbà tó di ìkẹta, Novotna ti ń lù ú 4-1, ó ku ẹyọ àmì kan péré kó di 5-1. Òun ló ń sáàfù. Ó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kò wọlé. Ó tún gbá èkejì, ìyẹn náà ò wọlé. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. Géèmù márùn-ún ni Graf gbà léraléra, ló bá di 6-4, ó parí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ẹ́ fún wọn lẹ́bùn, Duchess of Kent, ìyàwó ọmọọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá Novotna sọ̀rọ̀ ìtùnú. Omijé ò dúró mọ́, ó gbórí lé èjìká ìyáàfin náà, ó bú sẹ́kún. Ìyáàfin náà ní kó má ṣèyọnu, ó ní yóò gbà á lọ́jọ́ kan.

Ṣé ẹ mọ ẹnu ayé. Àwọn kan ní àyà rẹ̀ máa ń já tó bá ti kù díẹ̀ kó borí. Ní Paris lọ́dún 1995, ó ti ń lu Chanda Rubin 5-0 ní sẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn, síbẹ̀ Rubin ló borí, 8-6. Lọ́dún 1997, ó tún dé àṣekágbá Wimbledon, Martina Hingis, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló nà án.

Yorùbá ní ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú, àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn yẹn gan-an, ìyẹn àwọn tó ń woni, ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn dìde. Ọ̀gá bá ẹnì kan wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò ní í sọ̀rọ̀ nípàdé mọ́. Ẹlòmíì fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó ní ó tán.

Novotna ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà lọ́dún 1998, ó na Venus Williams, ó na Hingis tó nà án lọ́dún tó ṣáájú, ó sì na Nathalie Tauziat ní àṣekágbá, 6-4, 7-6. Ó ti fẹ́ẹ́ pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ta ló gbé ẹ̀bùn lé e lọ́wọ́? Duchess of Kent yẹn náà ni.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa Novotna lóṣù kọkànlá, ọdún 2017, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Nígbà tí wọ́n ń ròyìn ikú rẹ̀, ẹkún ọdún 1993 yẹn ni wọ́n tún ń sọ. Ohun táwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn ló padà di ohun táráyé fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹkún ò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tó bá sunkún tán, kó nu ojú, kó padà síbi tó ti ṣubú.