Ẹ̀rí Mi Lórí Yíyan Hẹ́ẹ̀dì Bọ́ì

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi nìkan ló mọ gbogbo rẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Kabba. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Ìyàrà, ní Mopa, ní Ìsánlú, níbikíbi tí àgbàlagbà bá ti jókòó láti mú ọmọ kan jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìparí SS2 la máa ń yan àwọn pírífẹ́ẹ̀tì, kí àwọn SS3 lè gbájú mọ́ WAEC àti NECO. Tíṣà kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ tó tọ́ lójú rẹ̀ sínú bébà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á kà á sókè, a ó wá máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà kíláàsì á sọ tirẹ̀, ẹni tó ń mójú tó iṣẹ́ oko àti ìmọ́tótó á sọ tirẹ̀. Orúkọ hẹ́ẹ̀dì bọ́ì ló máa ń pẹ́ wa jù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, oyè náà kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́. Àwọn bàbá ọlọ́mọ ṣì wà ní Kabba tí ẹgbẹ́ wọn ń pè ní "Hẹ́ẹ̀dì" láàárín ọjà, tí inú wọn sì máa ń dùn láti jẹ́ ẹ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ku ọmọ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òun ló sì ń gbé ipò kìíní láti JS1. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le lára àwọn ọmọ kéékèèké. Ìkejì jẹ́ ọmọ ìyá kan tó ń ta gàrí, ipò keje ló gbé. Ọmọ yìí ló ń kọ orúkọ àwọn tó bá sá fún iṣẹ́ oko sínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Tíṣà tó ń mójú tó iṣẹ́ oko gbé ìwé náà fún wa wò. Nígbà tó kàn mí, mo ṣí i léwé kọ̀ọ̀kan. Mo rí orúkọ ọmọ náà gan-an níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, báírò pupa ló fi kọ ọ́, ó sì kọ iye iṣẹ́ tó jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ ọ́. Ọjọ́ méjèèjì ló pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́, tí kò fi bá wọn ṣe iṣẹ́ oko, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wá sílé mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé. Kò mú owó dání. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Àbúrò, mi ò bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀ rí. Ọmọ yìí ni kí o bá mi ṣe." Owó kọfí tí ẹ̀gbọ́n mi tà ló fi rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Ohun tí mo jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́." Ó gbà pé mo ti gbà nìyẹn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Mi ò sùn. Títí tí àkùkọ fi kọ, ọkàn mi ń lọ síhìn-ín, ó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, orúkọ ọmọ ìyá onígàrí ni mo kọ sínú bébà mi. Nígbà tí ọ̀gá bi mí léèrè, mo dìde, mo sì sọ ohun tí ojú mi ti rí nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, rere àti búburú rẹ̀. Ọmọ onígàrí ló wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo fi ọmọ mi obìnrin fọ́kọ, kò wá. Ó kú kí ọ̀rọ̀ náà tó tán láàárín wa. Bí wọ́n bá tún gbé bébà náà fún mi lónìí, orúkọ kan náà ni màá kọ, síbẹ̀ kò sí ìgbà tí mo kọjá níwájú ilé rẹ̀ tí àyà mi kì í wúwo.

Ọmọ tó ń gbé ipò kìíní yẹn ti di bàbá ní Maryland, l'Amẹ́ríkà. Ó pè mí láìpẹ́ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kọ̀wé pé ó tó ẹni tí wọ́n lè yẹ̀ wò fún National Honor Society, ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1921. Ó ní kí n jẹ́ ká jọ ka ìlànà rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò: ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ìsìn fún ìlú, aṣáájú ṣíṣe, àti ìwà. Máàkì ọmọ gbọ́dọ̀ tó 3.0 nínú 4.0, ilé ẹ̀kọ́ sì lè gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní máàkì yẹn ò tíì wọlé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á yan tíṣà márùn-ún tí yóò yẹ ohun mẹ́ta tó kù wò, ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò sì ní ìbò. Ibi tí púpọ̀ nínú wọn bá fì sí ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí dákẹ́ lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n lọ rí ọ̀kan nínú àwọn tíṣà náà?" Mo ní, "Má lọ." Ó ní, "Ó dáa, sà." Mi ò mọ̀ bóyá bàbá rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un rí. Èmi ò tíì lè sọ ọ́.

Ohun kan wà tó ń dùn mí ju gbogbo ìyẹn lọ. Àwa náà ní àyè fún ìwà nínú ètò wa. Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ni wọ́n ti ní kí tíṣà máa gba máàkì ọmọ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ ìdánwò ìparí nìkan. Ẹ ṣí káàdì èsì ọmọ yín, ẹ ó rí i: òótọ́ sísọ, ìmọ́tótó, títètè dé, ìbọ̀wọ̀ fúnni, láti 1 dé 5. Mo ti rí káàdì odindi kíláàsì tó jẹ́ pé 4 ni wọ́n kọ fún gbogbo wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọmọ tó ń jalè àti ọmọ tó mú owó tó rí he wá fún tíṣà. Bó bá wá di ọjọ́ yíyan, kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí ìgbìmọ̀ lè dì mú. Ó ku ẹni tó mọ ènìyàn, ó ku ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ lálẹ́. Ìwé tí èèpo rẹ̀ ya yẹn ló gbà mí lọ́dún náà. Bí kò bá sí i ńkọ́? Ohun tí mo mọ̀ lọ́kàn nìkan ni ǹ bá ní láti sọ, ta ni ì bá gbà mí gbọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?

Ẹ̀yin tíṣà tó ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́ ní Owé, ní Ìjùmú, ní Ìyàgbà àti ní Bùnú, ọ̀kún o. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ máàkì ìwà ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe jẹ́, láti JS1. Ẹ lẹ ohun tí ẹ ó fi yan pírífẹ́ẹ̀tì mọ́ ara ògiri kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ onígàrí náà lè kà á. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó jẹ́ tíṣà, ẹ má lọ bá a nílé lórí ọ̀rọ̀ yìí.