OÚNJẸ ALẸ́ NÍ ÀÁRÍN ÌBÀDÀN: LÁTI KÚDẸTÌ DÉ BẸẸRẸ



Ìbéèrè kan wà tí àwọn àlejò máa ń bi wá ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí nígbà tí a bá kírun Màgáríbì tán. Wọn a ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ènìyàn ti lè rí oúnjẹ gidi jẹ ní alẹ́ yìí, tí owó rẹ̀ kò ní ga jù?" Ẹni tí ó ń béèrè lè jẹ́ oníṣòwò tí ó wá ra ọjà. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéú. Ó sì lè jẹ́ obìnrin tí ó gbé ọmọ pọ̀n, tí èèyàn rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́. Ìbéèrè kékeré ni ní etí ẹni tí ó ti yó. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí ó sì gbọ́dọ̀ yọ owó ọkọ̀ ọ̀la sílẹ̀ nínú rẹ̀, mọ̀ pé bí òun bá ṣi ilé olóúnjẹ yà lálẹ́ òní, ẹsẹ̀ ni òun yóò fi rìn lọ́la. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a jọ rin ìgboro àtijọ́ yìí lónìí, kí a sì fi ojú wo bí ènìyàn ṣe lè jẹun alẹ́ níbẹ̀ láìfi owó ṣòfò.

Kúdẹtì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ti kàwé mọ àdúgbò yìí nítorí pé ibẹ̀ ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fi ṣe ibùdó nígbà tí wọ́n mú ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ wọ Ìbàdàn ní ọdún 1853, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dá sílẹ̀ sì wà níbẹ̀ di òní. Èyí kò sọ pé ti onígbàgbọ́ nìkan ni Kúdẹtì. Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ń gbé agbo ilé kan náà níbẹ̀, wọ́n ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ kan náà, bí ọdún bá sì dé, abọ́ oúnjẹ a máa lọ láti yàrá dé yàrá. Ìwà rere ni, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ó bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ mọ iyì oúnjẹ alẹ́. Nínú oríkì ìlú yìí ni a ti ń rántí pé nígbà tí ogun tú àwọn ará ìṣáájú ká, èso òro ni wọ́n jẹ sùn, ìgbín ni wọ́n jẹ yó, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì fi ṣe ife tí wọ́n fi mu ẹ̀kọ. Nígbà tí àwọn jagunjagun tún tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí ọdún 1829, ìlú ológun àti ìlú oníṣòwò ni ó dà. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má ní oúnjẹ títà. Ẹni tí ó bá ti oko ìlà dé ní ọjọ́rọ̀, tàbí ẹni tí ó bá pẹ́ lọ́jà, kò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá iná tí yóò fi gbé ìkòkò kaná. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa fi ẹnu tẹ́ obìnrin tí ó ra oúnjẹ alẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá ti ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀, tí ó sì wálé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú owó tí ó mọ́, iṣẹ́ ni ó ti ṣe dé, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ǹjẹ́ kí ni a fi ń mọ ilé olóúnjẹ tí ó dára?

Èkíní, ẹ wo àwọn tí ó ń jẹun níbẹ̀. Bí ẹ bá rí alábàárù, ọlọ́kadà àti àwọn awakọ̀ tí wọ́n jókòó ti ara wọn, tí wọn kò sì bá olóúnjẹ jà, ẹ wọlé. Iṣẹ́ agbára ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe. Oúnjẹ tí kò bá dúró nínú wọn di ọ̀la, wọn kì í padà sí ìdí rẹ̀.

Èkejì, ẹ wo bí àmàlà ṣe ń jáde. Olóúnjẹ tí ó mọ iṣẹ́ kì í ro gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí èyí bá ń tán lọ ni ọmọrogùn yóò tún máa dún nínú ìkòkò. Àmàlà tí a rò láti ọ̀sán tí a sì fi ọ̀rá bò mọ́lẹ̀ yóò máa sun omi, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kò ní mú ara pọ̀.

Ẹ̀kẹta, gbẹ̀gìrì. Ibí ni kí ẹ ti la ojú yín dáadáa, nítorí pé alẹ́ ni a ń sọ. Ẹ̀wà tí a bó, tí a sè, tí a sì sẹ́, kì í pẹ́ kan nínú ooru wa yìí. Gbẹ̀gìrì tí a sè ní àárọ̀ tí a kò sì dá padà sórí iná lè ti kan kí a tó pe ìrun Íṣáì. Bí ó bá ń yọ ìfófó ní etí ìkòkò, tàbí tí òórùn rẹ̀ bá gún imú, ẹ má jẹ ẹ́, kí ẹ má sì fún ọmọdé. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ìyá, ìgbà wo ni ẹ sè é?" Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Bí gbẹ̀gìrì bá ti kọsẹ̀, ewédú àti ọbẹ̀ ata nìkan tó. Kí ewédú náà má ní kánún jù, ẹnu yóò sọ fún yín.

Ẹ̀kẹrin, omi. Ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ kí ẹ tó wo ẹran. Bí omi kan náà bá ti ń fọ abọ́ láti ìrọ̀lẹ́ tí ó ti di ọbẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ kọjá. Ẹ má sì jókòó sí etí kọ̀tọ̀ tàbí etí odò. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí omi Ògùnpa ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980, a sì rí omíyalé mìíràn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Odò tí a ń da ìdọ̀tí sí, yálà Ògùnpa ni tàbí Kúdẹtì, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀ sí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ béèrè owó kí ẹ tó jókòó. Ìgbákọ ni wọ́n fi ń bu àmàlà, ẹyọ ni wọ́n fi ń ka ẹran. Ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń béèrè owó ìgbákọ kan, tí ó rí i pé ó rọ̀, tí ó wá ní kí wọ́n bu ṣàkì, kí wọ́n bu pọ̀nmọ́, kí wọ́n bu ẹran líle lé e. Nígbà tí owó bá délẹ̀, ẹnu yóò yà á. Ẹran ni ó ń gbówó lọ, kì í ṣe òkèlè.

Ẹ jẹ́ kí a wá rìn. Ní Kúdẹtì, iwájú ilé ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ alẹ́ wà: àkàrà tí epo rẹ̀ ń hó, ẹ̀kọ tí a fi ewé pọ́n, àti ọ̀ọ̀lẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ kò gbọdọ̀ kọjá ìdí ọlọ́ọ̀lẹ̀. Ẹ̀wà ni ọ̀ọ̀lẹ̀, ẹ̀wà sì ń ṣe fún ara ohun tí ẹran ń ṣe. Ọ̀ọ̀lẹ̀ kan pẹ̀lú ẹ̀kọ méjì yóò mú ọmọ ilé ìwé sùn yó.

Láti ibẹ̀, ẹ gòkè lọ sí Ọjà'ba. Ọjà Ìbà ni a ń pè é tẹ́lẹ̀, nítorí Ìbà Olúyọ̀lé. Àsìkò tí a yí orúkọ oyè Baálẹ̀ padà sí Olúbàdàn ni ọdún 1936. Mọ́sálásí ńlá wà ní Ọjà'ba, èyí sì jẹ́ ìrọ̀rùn fún àlejò Mùsùlùmí: ẹ lè kí Màgáríbì, kí ẹ jẹun, kí ẹ sì tún padà wá kí Íṣáì kí ẹ tó wá ibi tí ẹ ó sùn. Nínú ààwẹ̀, ibi tí ó súnmọ́ mọ́sálásí ni kí àlejò ti ṣínu, nítorí pé àwọn olóore máa ń gbé omi, ẹ̀kọ àti àkàrà wá fún àwọn olùgbààwẹ̀, kò sì sí ìtìjú nínú gbígbà á. Ẹ̀san wà fún ẹni tí ó fún ni.

Lókè níbẹ̀ ni gbọ̀ngàn Mápó wà, èyí tí a ṣí ní ọdún 1929. Bí ẹ bá dúró sí ìsàlẹ̀ àwọn òpó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí páànù ilé tí ó ti pọ́n bí ilẹ̀ títí tí ojú kò fi ríran mọ́, ẹ ó sì rí èéfín tí ń ti ẹ̀yìnkùlé jáde. Ibi ìwòran ni Mápó fún àwọn ọmọ. Ẹ mú wọn gòkè, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun ní Bẹẹrẹ.

Oríta ni Bẹẹrẹ, ọkọ̀ ń wọ ibẹ̀ láti ọ̀nà púpọ̀. Níbi tí ọkọ̀ bá ń dúró, oúnjẹ ń pẹ́ níbẹ̀ lálẹ́: ìrẹsì àti ẹ̀wà, dùndú, àmàlà. Bẹẹrẹ dára fún ẹni tí ó ń kánjú àti ẹni tí ó pẹ́ dé. Ariwo pọ̀ níbẹ̀ fún ìyá tí ó ní ọmọ kéékèèké lọ́wọ́. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ yóò rí ìrọ̀rùn jù ní inú àdúgbò bí Bẹyẹrunka, níbi tí olóúnjẹ ń tà ní ojúlé baba rẹ̀, tí ẹni tí ó ń rà á sì jẹ́ ọmọ ilé kejì. Olóúnjẹ tí yóò rí yín ní ìsìnkú, ní ìsọmọlórúkọ àti ní mọ́sálásí kì í fẹ́ fi gbẹ̀gìrì kíkan bu ọlá ara rẹ̀ kù.

Àwọn kan yóò ní ṣé a kò mọ Bódìjà ni, níbi tí àmàlà tí wọ́n fi orúkọ báńkì Skye pè ti di ìlú mọ́ọ́ká. Báńkì náà pa orúkọ dà ní ọdún 2018, àmàlà kò pa orúkọ dà. A mọ̀ ọ́n. A sì mọ Sábó, tí àwọn Hausa ti ń gbé láti ọdún 1916, tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá nínú súyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Kúdẹtì gbọ́dọ̀ ka owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mọ́ owó oúnjẹ. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, ẹ ó rí i pé àmàlà iwájú ilé ti borí.

Ní ti hàlálì, kí àlejò má ṣe gbé ojú sókè. Ọ̀pọ̀ alápatà ìgboro ni Mùsùlùmí, ọkàn wa balẹ̀ lórí ẹran màlúù. Ẹran ìgbẹ́ ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀, bóyá wọ́n rí i dú. Ibi tí a bá sì ti ń gbé ìgò ọtí sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú oúnjẹ, Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún wa láti jókòó síbẹ̀, bí oúnjẹ náà tilẹ̀ rọjú.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ ti ọ̀wọ́n. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ tí ń kó èlùbọ́ wá láti Òkè Ògùn ti ga. Ní àwọn oṣù kan ní ọdún 2024, iye tí owó oúnjẹ fi lé sí ti ọdún tí ó ṣáájú kọjá 40 nínú 100 ní orílẹ̀-èdè wa. Ojú olóúnjẹ rí màbo. Bí ó bá dín ìgbákọ rẹ̀ kù tí ó sì sọ fún oníbàárà, kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìgbákọ ńlá bu àmàlà, tí ó dọ́gbọ́n jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo, kí ó lọ rántí Súrà Mutaffifin nínú Àlùkùránì, níbi tí Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Kí oníbàárà náà má sì jẹun tán kí ó tó máa ná owó. Jìbìtì kan náà ni.

Fún ìdílé tí ó ní ọmọ púpọ̀, ọgbọ́n kan wà: ẹ má ra àmàlà. Ẹ gbé abọ́ olómorí lọ, kí ẹ ra gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata, kí ẹ sì lọ ro òkèlè nílé. Ọbẹ̀ ni ó ń gba àsìkò àti iná, àmàlà kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ẹni méjì yóò tó ẹni mẹ́rin jẹ, ìyá yóò sì rí ara sinmi.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Ọrùn yín ni ẹ̀sìn wa gbé bíbọ́ aya àti ọmọ kọ́. Owó tí ìyàwó bá pa lọ́jà, tirẹ̀ ni. Bí ó bá fi ra oúnjẹ ilé, ó ṣe yín lóore, kò san gbèsè. Ẹni tí ó jẹ àmàlà aláṣàkì ní Bẹẹrẹ, tí ó nu ẹnu, tí ó sì wálé wá béèrè lọ́wọ́ ìyàwó pé kí ni àwọn ọmọ jẹ, ti jẹ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ mọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá rí ilé olóúnjẹ tí ó dára, ẹ di ti ilé dání.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi alubarika sí ọwọ́ àwọn tí ń sè é, kí ó má fi ebi pa àlejò ní ìlú wa, kí ó sì jẹ́ kí hàlálì tó gbogbo ilé jẹ. Àmín.